Ìrẹsì Ẹ̀gbọ́n Prajosh

Oṣù kejì tí a dé Mansoura ni mo rí ìdin nínú oúnjẹ tí mo ti jẹ dé ìdajì. Ó funfun, ó sanra, ó sì ti jinná. Ó nà gbọọrọ sáàárín ìrẹsì bí ẹni pé òun náà jẹ́ hóró kan nínú wọn. Bí kì í bá ṣe orí dúdú kékeré tí ó ní, n kò bá ti gbé e mì. Mo fi ìka tì í sí etí àwo. Mo wo ìrẹsì tó kù dáadáa, mo rí èkejì. Mo rí ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹta yìí kò pé, ìdajì ni, mo sì mọ ibi tí ìdajì tó kù wà.

"Jeslin," mo ní, "ìdin wà nínú ìrẹsì yìí o."

Jeslin kò gbójú sókè. Ó ń fi ọwọ́ kan jẹun, ó ń fi ìkejì yí fóònù. "Yọ ọ́ dànù, kí o máa jẹun ẹ jàre. Ẹran ni. Wọn ò sì gba owó ẹran lọ́wọ́ ẹ."

Bindhuja bú sẹ́rìn-ín. Bindhuja a máa rẹ́rìn-ín sí gbogbo ohun tí Jeslin bá sọ. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí n kò fẹ́ kí wọ́n pè mí ní afínjú àṣejù. Nígbà tó yá mo wọ ilé ìyàgbẹ́, mo ti ìka bọ ọ̀fun, mo sì da gbogbo rẹ̀ padà.

Àwa mẹ́ta la jọ ń gbé ilé náà, ní òkè kẹta, ní àdúgbò Toriel. Kerala, ní gúúsù Íńdíà, ni gbogbo wa ti wá sí Íjíbítì, ìmọ̀ ìṣègùn la wá kọ́. Bàbá mi ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé ní Tirur. Ẹ̀gbà ọwọ́ ìyá mi méjèèjì ni a tà kí n tó lè wọ ọkọ̀ òfúrufú, nítorí náà n kò wá síbẹ̀ láti ṣe fáàrí. Mo ti múra sílẹ̀ fún òtútù, mo ti múra sílẹ̀ fún èdè Lárúbáwá. Ohun tí n kò múra sílẹ̀ fún ni oúnjẹ. Kò sí ìrẹsì pupa oníhóró ńlá tiwa. Kò sí parippu, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n là sí méjì tí a fi ń se ọbẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ń tà wọ́n ní Káírò, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń pè wọ́n, bí ẹni ń ta wúrà ni.

Ibẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n Prajosh ti wọlé. Ó wà ní ọdún karùn-ún, ó sanra, ó ń ta sánsán, irùngbọ̀n rẹ̀ kì í hù kọjá ọjọ́ kan. Òun ló máa ń wá pàdé àwọn ọmọ tuntun ní pápákọ̀ òfúrufú, òun ló ń bá wọn gbé àpótí gòkè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ní ọjọ́ Jímọ̀, kẹ̀kẹ́ márúwá kan á dúró sí iwájú ilé wa, á já àpò sílẹ̀: ìrẹsì pupa, parippu, ata gígún, ata ilẹ̀ pupa, òróró àgbọn. Ìdajì iye tí wọ́n ń tà á ní Káírò ló ń gbà. Gbogbo ọmọ Kerala tó wà ní ọdún kìíní á yọ sí i bí adìyẹ tí wọ́n da àgbàdo fún.

"Ẹ má lọ sí ọjà àwọn ará ibí o," a máa sọ fún wa. "Wọ́n á rí i pé àlejò ni yín, wọ́n á rẹ́ yín jẹ títí ẹ ó fi máa sunkún. Ẹ̀wà wọn á sì wú yín níkùn. Èmi ni bàbá yín níbí, èmi ni ìyá yín."

A gbà á gbọ́. Kí ló dé tí a ò ní gbà á gbọ́? Ó gbé àpótí wa gòkè.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo kó àwọn ìdin náà sínú nílọ́ọ̀nù kékeré, mo sì sún mọ́ ọn pẹ̀lẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo nǹkan tí mo rí nínú ìrẹsì tí a rà."

Ó gba nílọ́ọ̀nù náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè kí gbogbo èrò lè rí i. "Ẹ wá wo ọmọ ọba Tirur o! Anseera, nílé yín, ṣé inú fìríìjì ni ìyá ẹ ti ń kórè ìrẹsì?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Tí kòkòrò bá jẹ nǹkan tí kò kú, ìyẹn fi hàn pé kò sí májèlé níbẹ̀. Ṣé kí n máa ta májèlé fún yín ni?"

"Rárá o, Ẹ̀gbọ́n," ni wọ́n dá a lóhùn.

"Ẹ kí i o! Dókítà Ìdin!"

Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ mi. Bí mo bá wọ kíláàsì, ẹnì kan á wí i láti ẹ̀yìn. Mo tún ra ìrẹsì lọ́jọ́ náà, nítorí n kò mọ ibòmíràn tí mo lè lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣa ìrẹsì ní hóró kọ̀ọ̀kan lórí bébà funfun kí n tó sè é, tí mo sì ń wá orí dúdú kiri. Síbẹ̀ n kì í lè gbé òkèlè mì láìsí pé mo kọ́kọ́ fi ahọ́n yí i wò.

Jeslin ní tirẹ̀ kì í ra nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé àpò kékeré wálé lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn ni ìpín tirẹ̀ nínú oúnjẹ wa. Ó ní Ẹ̀gbọ́n mọ àwọn mọ̀lẹ́bí òun nílé. Ní àárọ̀ Sátidé kan, ó ní, "Anseera, Ẹ̀gbọ́n ń wá ọwọ́ tí yóò bá a di ẹrù. Àpò ìrẹsì kan lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ṣé o máa bá mi lọ, àbí ojú ẹ ò gbà á?"

Mo bá a lọ.

Ibi ìkẹ́rù náà wà ní ìsàlẹ̀ ilé kan létí ipa odò tí wọ́n gbẹ́, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń pa adìyẹ tà. Inú omi ẹ̀jẹ̀ àti ìyẹ́ la gbà kọjá. Mo rò pé ọ̀dọ̀ adìyẹ ni òórùn náà ti ń wá. Ìgbà tí Ẹ̀gbọ́n ṣí ilẹ̀kùn ni mo mọ̀ pé òórùn adìyẹ kò tó nǹkan. Òórùn ìtọ̀ eku ló kọ́kọ́ bá mi, ó mú débi pé omi dà lójú mi. Lẹ́yìn náà ni òórùn òróró tó ti bàjẹ́, àti nǹkan mìíràn lábẹ́ rẹ̀ tó dùn díẹ̀, irú èyí tó máa ń kí wa káàbọ̀ sí yàrá tí wọ́n ti ń la òkú fún wa wò.

Àpò kún ibẹ̀ dé òkè. Ọ̀pọ̀ ti ya. Mo rí àwòrán màlúù lára àwọn kan: àpò oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ni wọ́n, ìrẹsì wa ló sì wà nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi. Ó ní ẹrù tí omi bá wọ̀ ní èbúté, tàbí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, àwọn kan wà tí wọ́n ń gbà láti kó o lọ dà nù. Ọwọ́ wọn lòun ti ń rà á. "Mo ń gbà wọ́n lọ́wọ́ wàhálà ni," ó ní.

Jeslin jókòó sórí báàkẹ́ẹ̀tì kan láìdúró kí wọ́n tọ́ka iṣẹ́ sí i. Ó mú òwú, ó mú oògùn tí a fi ń nu kùtẹ́ẹ̀sì kúrò léèékánná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọjọ́ tó wà lára páálí ata nù. Bó bá ti nu ún tán, á fi bírò kọ òmíràn síbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá gan-an. Èèyàn kì í yára bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Wọ́n fún mi ní asẹ́. Mo da parippu sí i, mo gbọ̀n ọ́n. Kòkòrò dúdú wẹ́ẹ́rẹ́ ń jábọ́ bí ìyẹ̀fun, àwọn tí kò jábọ́ ń sá gun ọwọ́ mi dé ìgúnpá. Láàárín wọn ni ìgbẹ́ èkúté wà, ó gbẹ, ó gùn ju hóró parippu lọ díẹ̀. Ojú asẹ́ fẹ̀ fún kòkòrò, kò fẹ̀ fún ìgbẹ́. Ó yẹ kí n máa fi ọwọ́ ṣà á ni. Mo ṣa mẹ́wàá, mo dúró.

"Má dá ara ẹ lágara," Ẹ̀gbọ́n ní. "Ṣa àwọn ńlá. Àwọn kéékèèké á yòrò nínú omi."

Lẹ́yìn náà ló ti ọwọ́ bọ àpò ìrẹsì kan. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú rẹ̀. Ó fa nǹkan jáde láti ìrù. Èkúté ni. Ó ti kú pẹ́, ó ti wú, irun ń re lára rẹ̀, ikùn rẹ̀ ti bẹ́ níbì kan, ìrẹsì sì lẹ̀ mọ́ ibi tó bẹ́ náà yíká. Èmi rò pé yóò kígbe. Kò kígbe. Ó gbọn èkúté náà lẹ́ẹ̀mejì lórí àpò, kí ìrẹsì tó lẹ̀ mọ́ ọn lè padà síbi tó ti wá, kí ó má baà ṣòfò. Ó jù ú síta. Ológbò tó ń bẹ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù adìyẹ sún mọ́ ọn, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n nu ìka sára ṣòkòtò. Ó bu ìrẹsì kún nílọ́ọ̀nù, ó dì í. Ó tún bu òmíràn. Nígbà tí ó dì tó bí mẹ́rin, ó yọ bísíkíìtì kan nínú àpò ṣòkòtò, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó na ìdajì sí mi. "Gbà. Ojú ẹ ti funfun. O ò tíì jẹun àárọ̀."

Mo wo ìka rẹ̀ lára bísíkíìtì náà. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin náà ń jẹ ẹ́?"

"Kí ni?"

"Ìrẹsì yìí."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Èmi? Ṣé orí mi dàrú ni? Ìrẹsì Íjíbítì ni mo ń jẹ. Ó dáa, owó ẹ̀ ò sì pọ̀. Ọjà ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí yẹn ni mo ti ń rà á."

"Ṣùgbọ́n ẹ ní ká má lọ síbẹ̀."

"Tí ẹ bá ń lọ síbẹ̀, ta ló máa ra tèmi?" Ohùn tí a fi ń ṣàlàyé nǹkan fún ọmọdé ló fi sọ ọ́. "Anseera, iná ń pa gbogbo ẹ̀. Ìwọ tí ò ń kọ́ ìṣègùn, wọn ò tíì kọ́ yín nìyẹn?"

Mo wo Jeslin. Mo fẹ́ kí ojú rẹ̀ yí padà, kí ó fi òwú lélẹ̀, kí ó ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ó tẹ orí mọ́lẹ̀, ó ń nu páálí. Mo dìde, mo jáde, mo sì bì sórí omi ẹ̀jẹ̀ adìyẹ. Ọkùnrin aládìyẹ da báàkẹ́ẹ̀tì omi kan lé e, ó ń bú mi.

Jeslin sá tẹ̀ lé mi. Ó bá mi ní orí afárá.

"O mọ̀," mo ní.

"Mo mọ̀ kí ni?"

"Jeslin, o mọ̀! Oṣù méjì! O ń gbé e wálé, o ń wo ẹnu wa bí a ṣe ń jẹ ẹ́!"

"Èmi náà ń jẹ ẹ́. Ṣé o rí mi tí mo se tèmi lọ́tọ̀?" Ó ń mí gulegule. "Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi ní Kuwait láti oṣù kẹsàn-án. Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan. Ìrẹsì yẹn ni mo fi ń jókòó ti àwo pẹ̀lú yín. Tí mi ò bá gbé e wá, kí ni mo fẹ́ fi jókòó?"

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wa? A ò bá ti pín tiwa fún ẹ."

"Kí ẹ lè máa káàánú mi? Kí Bindhuja máa fi ojú tútù wò mí? Ìdin sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú tèmi."

Àánú rẹ̀ ṣe mí nígbà náà, n kò ní purọ́. Àmọ́ ó na ọwọ́ láti di èjìká mi mú, mo rí àwọn kòkòrò dúdú yẹn méjì lára ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀, tí wọ́n ń rìn. Ara mi kọ̀ ọ́. Mo fà sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Ó rí i pé mo fà sẹ́yìn. Kò tún na ọwọ́ sí mi mọ́.

Nígbà tí mo délé mo da gbogbo ìrẹsì àti parippu wa sínú agolo ìdọ̀tí, sórí èèpo ẹyin, sórí irun tí mo yọ lára ìyàrun. Mo sọ ohun tí mo rí fún Bindhuja. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní òun ò ní fẹnu kàn án mọ́ láyé.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti kíláàsì dé lọ́sàn-án, mo bá Bindhuja tó ń jẹun. Ìrẹsì pupa ni.

"Níbo lo ti rí ìyẹn?"

Ó dá òkèlè dúró. "Jeslin kó o jáde padà. Anseera, ó ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo rí i. Ebi ń pa mí. Kí ni a tún fẹ́ jẹ?"

Mo wo àwo rẹ̀. Irun mi kan gbọọrọ wà lára ìrẹsì náà.

Ọjọ́ kẹta ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Bindhuja. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ohun tó lè lọ. Nígbà tó máa di ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kò lè dìde mọ́ kúrò nílẹ̀ ilé ìyàgbẹ́. Ohun tó ń jáde lára rẹ̀ ti dà bí omi tí wọ́n fi fọ ẹran. Èmi àti Jeslin gbé e láàárín wa sọ̀kalẹ̀. Ìyá Hisham, obìnrin opó tó ń gbé ìsàlẹ̀, gbọ́ ìró wa, ó sì jáde tòun ti sálúbàtà ilé lẹ́sẹ̀.

"Kí ló ṣe ọmọ yìí? Kí lẹ fún un jẹ?"

N kò gbọ́ Lárúbáwá tó láti ṣàlàyé. Mo ní, "Ìrẹsì, Màmá. Ìrẹsì burúkú."

Lẹ́yìn tí a gbé Bindhuja dé ilé ìwòsàn tí wọ́n sì so omi mọ́ ọn lápá, Ìyá Hisham bá mi padà wálé. Ó lọ tààrà sí ilé ìdáná wa, ó ṣí ìkòkò. Ó wo inú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ àpò tí Jeslin ti kó jáde nínú ìdọ̀tí, ó ti í dé ìsàlẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sí imú.

"Olúwa mi o!" ó ní. "Mo ní adìyẹ lórí òrùlé. Tí mo bá da èyí fún wọn, wọ́n á kó ẹrù wọn, wọ́n á kúrò lọ́dọ̀ mi."

Ọjọ́ mẹ́rin ni Bindhuja lò níbẹ̀. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ wà lára àwọn tó ń kọ́ wa. Ó bi mí ní ohun tó jẹ, mo sọ fún un, mo sọ ti èkúté. Ó lọ sí ibi omi, ó fọ ọwọ́, ó sì ń fọ̀ ọ́ títí mo fi rò pé kò ní dá a dúró.

Ní ọjọ́ Túsìdeé, Ìyá Hisham kan ilẹ̀kùn mi. "Gbé àpò ẹ. Ọjà yá."

Ọjà ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí náà kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ilé wa. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Ó fi ìrẹsì funfun hàn mí, hóró rẹ̀ kúrú, ó mọ́. Ó fi ẹ̀wà lílà aláwọ̀ òféfèé hàn mí, tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí mo sè é, díẹ̀ ló kù kó jẹ́ parippu. Ó bu ẹ̀wà erèé sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Lúbíà." Ẹnu yà mí. Lóbíà ni àwọn ará àríwá Íńdíà náà ń pè é! Ilá wà níbẹ̀, ó kéré bí ìka ọmọ ọwọ́. Tòmátì wà níbẹ̀, ata ilẹ̀ pupa wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ta ata fẹ́ fi owó lé e nítorí ojú mi. Ìyá Hisham gbá abọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgà.

"Hẹ́ẹ̀! Ọmọ mi nìyí!"

"Èyí? Ọmọ ẹ? Níbo lo ti bí i?"

"Ibi tí ìyá ẹ ti bí ìwọ! Wọ̀n ọ́n dáadáa!"

Ó kọ́ mi pé kí n má máa ra ohun tó wà lókè àpò. "Ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀," ó ní, "kí o gbọ́ òórùn ọwọ́ ẹ. Tí ọ̀fun ẹ bá kọ̀, gbéra níbẹ̀." Ohun tí mo rà lọ́jọ́ náà tó èmi àti Bindhuja jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ohun tí mo san kò sì tó ti Ẹ̀gbọ́n. Èyí ló bí mi nínú jù. A ò tilẹ̀ rí àǹfààní kankan nínú ẹ̀gbin tí a jẹ.

Ọjà rere náà kò sì wò mí sàn. Ó pẹ́ kí n tó lè jẹ ìrẹsì irú èyíkéyìí. Bí mo bá rí i lórí àwo, mo ń rí ikùn èkúté. Búrẹ́dì ni mo ń jẹ, mo sì máa ń ya á kí n wo inú rẹ̀.

Nínú oṣù kejì ọdún, àwọn ọmọ ọdún òkè se àsè fún wa láti fi kí wa káàbọ̀, ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n háyà. Wọ́n tẹ́ bébà funfun sórí tábìlì gígùn. Akọ̀wé ẹgbẹ́, obìnrin kan tó ń jẹ́ Shamla, gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó kéde pé Prajosh ló fi gbogbo ìrẹsì àti parippu ọjọ́ náà tọrẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó dìde, ó fi ọwọ́ sí àyà.

Mo bá a níbi tó dúró sí. "Ẹ̀gbọ́n, Bindhuja fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ẹ sọ fún wọn fúnra yín kí wọ́n tó jẹ ẹ́."

Kò yí ojú ẹ̀rín rẹ̀ padà. "Lọ sọ ọ́, Dókítà Ìdin. Jẹ́ ká wo ẹni tó máa gbà ẹ́ gbọ́."

Mo ti sẹ́ èyí tó kù nínú àpò wa, mo sì ti kó ohun tó jáde nínú rẹ̀ pa mọ́ sínú ìgò. Mo yọ ìgò náà nínú báàgì, mo da gbogbo rẹ̀ sórí bébà funfun níwájú Shamla: òkú kòkòrò, èyí tó ṣì ń rìn, òwú tí ìdin hun, ìgbẹ́ eku ẹ̀kúnwọ́. "Ohun tí ẹ fẹ́ jẹ nìyí," mo ní. "Inú àpò rẹ̀ ni mo ti sẹ́ ẹ jáde. Mo dé ibi tó ń kó o sí. Mo rí i tó fa òkú èkúté jáde nínú ìrẹsì, tó gbọn ìrẹsì ara rẹ̀ padà sínú àpò. Òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ ẹ́!"

Ọmọkùnrin kan sáré jáde, a gbọ́ ìró èébì rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Anseera," Shamla ní, "ọjọ́ tí a ń ṣe àsè lo yàn fún èyí? O ò nítìjú?" Ó fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ gbá ohun tí mo dà náà kúrò lórí tábìlì, ó jábọ́ sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ máa bu oúnjẹ."

Wọ́n sì bu oúnjẹ. Ọlọ́run ló rí mi. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wò wọ́n. Ẹni tó wà nítòsí mi jù tẹ́ ìrẹsì rẹ̀ lórí àwo, ó fi ìka ṣà á wò, ó yọ nǹkan kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ju èyí tó kù sẹ́nu. Ó rí i pé mo ń wo òun. "A ti sanwó kí a tó wọlé," ó ní, pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu.

Bindhuja, tí aṣọ ṣì fẹ̀ lára rẹ̀ nítorí àìsàn, dìde, ó sì di ọwọ́ mi mú. Àwọn mẹ́sàn-án mìíràn tẹ̀ lé wa jáde. Ìyẹn nìkan. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́ orí Wásáàpù.

A ń lọ sí ọjà, àwa mọ́kànlá, ní ọjọ́ Túsìdeé àti Jímọ̀. Nígbà tó fi máa di òpin ọdún a ti tó ọgbọ̀n, nítorí inú kò yé run àwọn tó ṣẹ́ kù. Prajosh parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ fún un ní ìwé ẹ̀yẹ, ó ya fọ́tò pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. Dókítà ni báyìí. Bí mo bá rántí pé àwọn aláìsàn kan wà níbì kan tí ń ya ẹnu fún ìka yẹn, ara máa ń bù mí máṣọ.

Jeslin ti kó kúrò lọ́dọ̀ wa kí ọdún àkọ́kọ́ tó parí. Ó kó lọ ní ọ̀sán tí èmi àti Bindhuja wà ní kíláàsì, kò mú ju ohun tó jẹ́ tirẹ̀ lọ. Ọdún kẹta ni mo gbọ́ pé òun ló ti gba kọ́kọ́rọ́ ibi ìkẹ́rù náà.

Nígbà tí àwọn ọmọ tuntun dé lọ́dún náà, mo tètè lọ bá wọn nílé tí wọ́n wọ̀ sí, mo kó mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn, a kọrí sọ́jà. Bí a ṣe yọ sí òpópónà, mo rí Jeslin ní òdìkejì títì. Kẹ̀kẹ́ márúwá dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àpò. Ó ti rù, ó ti fi góòlù kékeré kan sétí. Ó rí mi, ó sì gbé ọwọ́ sókè.

"Anseera! Ṣé dáadáa ni? Bàbá mi ti rí iṣẹ́ o!"

Ohùn rẹ̀ dùn, ohùn ọ̀rẹ́ ni. N kò mọ ohun tó ṣe mí. Itọ́ kún ẹnu mi, mo sì tu ú sílẹ̀ ní apá ọ̀dọ̀ rẹ̀, pàù, lójú gbogbo èrò. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tuntun náà bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta nìyẹn?"

Mo ní ẹnì kan tí a jọ gbé ilé rí ni. Mo fi ọwọ́ nu ẹnu. N kò tutọ́ sí èèyàn rí láyé mi, ìyá mi ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀, títí a fi dé ọjà tí a sì rajà tán ni mo ń fi etí ìborùn nu ẹnu kan náà ṣáá, tó fi bó.